Yangí Ẹnu Bodè: Ìtàn Àmì Àtijọ́ Kan ní Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ dájú, oríta ni kí ó kọ́kọ́ lọ dúró sí. Kì í ṣe ilẹ̀ tí a fi ọ̀sà mọ̀ bí Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí a fi àpáta mọ̀ bí Abẹ́òkúta ọmọ Olúmọ. Ilẹ̀ ọ̀nà ni, ilẹ̀ tí ìyànà ti ń pàdé ìyànà, tí ẹni tí ó gba Èjìgbò wá, ẹni tí ó ti Ìjẹ̀gùn dé, ẹni tí ó ń bọ̀ láti Ìgàndó àti ẹni tí ó gba Ìdímù wọlé yóò fojú kan ara wọn ní Ìkọ̀tún, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Bí a bá tún rìn síwájú, a ó kan Ẹgbẹ́dá, a ó kan Ìyànà Ìpájà, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ohun tí mo ń wí. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà kò purọ́. Àwọn kan náà ni wọ́n sì ní oríta mẹ́ta ní ń da àlejò láàmú. Ìtàn tí mo fẹ́ pa yìí, ìtàn àwọn oríta náà ni, àti ti òkúta pupa kan tí àwọn tí wọ́n tẹ irú ìlú bẹ́ẹ̀ dó máa ń fi sí ẹnu bodè àti ìloro ọjà wọn, tí ó jẹ́ àmì ààbò lójú wọn, ṣùgbọ́n tí ó ti di àmì ibi lójú àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àrọ́bá àwọn Àwórì, tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí, sọ fún wa pé ọdẹ ni Ògúnfúnmiire, pé Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti gbéra, àti pé àwo kan tí a gbé lé orí omi ni ó ń ṣíwájú òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibi tí àwo bá dúró sí, wọn a dúró. Ibi tí ó bá ṣí lọ, wọn a palẹ̀ ẹrù mọ́, wọn a tẹ̀ lé e ní bèbè odò, títí wọ́n fi dé Ìṣẹrí. Àwo rì, orúkọ ẹ̀yà ńlá kan sì ti ara rírì rẹ̀ jáde. Láti Ìṣẹrí ni àwọn ọmọ Ògúnfúnmiire ti fọ́n ká: àwọn kan wọ erékùṣù lọ, àwọn ni wọ́n dá Èkó sílẹ̀, Èkó àkéte ilé ọgbọ́n, àwọn mìíràn kò fi igbó sílẹ̀, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń ro oko, wọ́n ń fún epo, abúlé wọn sì ń di ìlú díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń rí Ìdímù, Ìkọ̀tún, Ìgàndó, Ẹgbẹ́dá, Ìpájà àti Àyọ̀bọ̀ títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìsinmi ni wọ́n ń jẹ nínú igbó náà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí yóò gbé wọn dé etí òkun láìṣe pé ẹnìkan dá wọn dúró, àárín àwọn Àwórì ni ọ̀nà náà gbà kọjá, ogun sì bá a kọjá. Ọ̀tà, tí í ṣe àgbà láàárín ìlú Àwórì, bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1842. Àwọn ìlú kéékèèké tí wọ́n wà lẹ́yìn Ọ̀tà rí èyí, ó sì yé wọn pé ọ̀nà tí ń gbé oníbàárà wá sí ọjà náà ni ọ̀nà tí ń gbé ọmọ ogun wá, àti pé ẹsẹ̀ tí ó mú ìyàwó wọlé lánàá lè mú ṣọ̀pọ̀nná wọlé lọ́la. A kò lè dí ọ̀nà pa, nítorí ìlú tí ó bá dí ọ̀nà rẹ̀ ti pa ọjà rẹ̀. A kò sì lè fi í sílẹ̀ gbayawu láìsí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn ará ìgbà náà, ní ilẹ̀ Àwórì gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, fi gbé ìkáwọ́ ọ̀nà lé ẹni tí wọ́n gbà pé ó mọ ire mọ ibi, tí ó gbọ́ èdè ayé tí ó sì gbọ́ ti ọ̀run. Èṣù ni ẹni náà: Láàlú, Láaróyè, Ẹlẹ́gbára, Ọ̀dàrà tí í gbé oríta.

Àmì rẹ̀ kò le é ṣe. Yangí ni, òkúta pupa gbágungbàgun tí ó kún fún ihò, irú èyí tí ọkọ́ àgbẹ̀ ń kọ lù nínú oko tí yóò sì bú. A kì í gbẹ́ ẹ, a kì í dán an, a kàn ń rì í mọ́lẹ̀ ní oríta, ní ẹnu bodè, ní ẹnu ọ̀nà baálé ilé tàbí ní ìloro ọjà ni, a ó sì máa ta epo pupa sí i lórí títí tí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Àwọn agbẹ́gilére tún máa ń gbẹ́ ère rẹ̀, pẹ̀lú irun tí ó gùn ṣọnṣọ lọ sí ẹ̀yìn orí àti owó ẹyọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ère lè jó, ikán sì lè jẹ ẹ́; yangí ni ojúlówó. Àwọn ọlọ́jà a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀ láti wúre pé kí ọjà tà, kí ìjà má ṣẹlẹ̀, kí olè má wọlé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n èké wọn ẹ̀wà fún ọmọ ẹlòmíràn má lọ láìjìyà.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé Olódùmarè ni ó fi àṣẹ lé Èṣù lọ́wọ́, àti pé òun ni ó ń gbé ẹbọ láti ayé dé òde ọ̀run. Bí ó bá gbà, ó gbà, bí kò bá gbà, ẹbọ náà kò rìn. Ìdí abájọ nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé bí a bá rúbọ, kí a mú ti Èṣù kúrò. Ẹni tí ó bá sì wo ọpọ́n Ifá dáadáa yóò rí ojú kan tí a gbẹ́ sí etí rẹ̀, tí ó kọjú sí babaláwo bí ó ti ń tẹ odù: ojú Èṣù ni, ó ń wo ọwọ́ awo kí awo má baà purọ́. Àdín ni èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran án sí ọ̀tá rẹ̀ a máa ta àdín sí yangí lára, a sì máa sọ pé lágbájá ni ó ní kí òun dà á. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ̀ pé ìbínú ni òun ń wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò sọ pé epo tí a ń ta lójoojúmọ́ náà, ìbínú ni à ń fi í wá.

A kò wí pé Èṣù jẹ́ onínúure tí kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Àwọn tí ń bọ ọ́ kò wí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì olóko tí Èṣù gba àárín oko wọn kọjá pẹ̀lú fìlà tí ó dúdú lápá kan tí ó sì pupa lápá kejì, tí àwọn méjèèjì sì tìtorí àwọ̀ fìlà fa ara wọn láṣọ ya. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí ó jọ pé ó fi ẹ̀sùn hàn. Lójú tèmi, ìdájọ́ ni ó fi hàn: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí òótọ́, kò sì sí èyí tí ó bèèrè ohun tí ẹnìkejì rí láti apá tirẹ̀. Ẹni tí ń gbé oríta kò ní ṣàì mọ̀ pé ohun kan náà ní ju ojú kan lọ. Àwọn àgbà sì mọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ̀ràn yìí, nítorí nígbà tí wọ́n bá ń ki Ìdòwú, ọmọ tí a bí tẹ̀ lé ìbejì, Èṣù lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń fi kì í, nítorí olóríkunkun ọmọ tí ó ní làákàyè ni wọ́n ní lọ́kàn. Títí di òní, mélòó mélòó ni àwọn Ìdòwú tí wọ́n ń fi orúkọ náà gun àga ìwàásù ní Ẹgbẹ́dá, tí ìyá wọn sì ń fi oríkì náà kí wọn kú àárọ̀!

Báwo ni ẹ̀gún ṣe wá gún àmì yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó ni ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àjàyí tí a bí ní Òṣoògùn ní nǹkan bí 1809, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí a gbé lọ sí Freetown, òun ni Samuel Crowther tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì ṣe olórí àwọn tí wọ́n parí ìtumọ̀ Bíbélì ní 1884. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ èdè náà bí àgbà ti í gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ìkórìíra ni ó mú un ṣiṣẹ́. Ìṣòro tí ó bá a ni pé ìwé tí ó ń túmọ̀ ní ọ̀tá Ọlọ́run kan nínú, ẹni tí ibi jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú gbogbo irúnmọlẹ̀ tí baba rẹ̀ mọ̀ kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá Olódùmarè. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń túmọ̀ wò yíká, wọ́n rí ẹni tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù, tí a ń ta epo sí lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì gbé ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́. Samuel Johnson, àlùfáà àti òpìtàn tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣe àpèjúwe yangí àti epo orí rẹ̀ láìṣìnà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí ẹni tí ó ni yangí, Sàtánì ni ó pè é. Àwọn Mùsùlùmí náà kò gbẹ́yìn: Èṣù ẹni ẹ̀kọ̀ ni aáfà ń pe ẹni tí ó ń sá di Allah kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti wá rí nìyí, tí ẹ̀sìn méjì tí kò gbà fún ara wọn lórí ohun púpọ̀ fi gbà fún ara wọn lórí Láàlú.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tètè dé àwọn igbó Alímọ̀ṣọ́. Ojú irin àti kòkó ni ó gbé e dé. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó, ó gba Agége kọjá, ibi tí ó sì gbà kọjá di oko kòkó àti obì. Nínú àwọn olóko ńlá tí wọ́n wà ní agbègbè Agége àti Ìfakọ̀, ẹnu ọ̀nà Alímọ̀ṣọ́, Jacob Kẹ́hìndé Coker lókìkí jù, òun kan náà tí ó wà lára àwọn aṣáájú tí wọ́n kúrò ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní 1901 láti dá ìjọ African Church sílẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fẹ́ kí òyìnbó máa darí ìjọ ènìyàn dúdú, wọn kò sì lé olóbìnrin púpọ̀ jáde kúrò nínú ìjọ wọn. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n wá ti inú ìlú wọn wá ṣiṣẹ́ kòkó ń gba ẹ̀kọ́ nípa oko, wọ́n sì ń gba ẹ̀sìn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ, wọ́n ń gbé méjèèjì lọ. Bí ìgbàgbọ́ ṣe ń wọ inú abúlé nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí ó ń sọ Yorùbá tí ó dùn, tí ó fẹ́ràn àṣà baba rẹ̀ ju bí míṣọ́nnárì ti fẹ́ kí ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Bíbélì Crowther ni Bíbélì wọn. Àwọn tí wọ́n tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe kò rántí tún èyí ṣe, àìrántí wọn sì lágbára ju ìwàásù òyìnbó lọ, nítorí ẹni tiwa ni ó ń wí i.

Kí n yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dùn mọ́ mi. Láti 1901 ni ọba kan ti wà lórí ìtẹ́ ní Èkó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èṣùgbàyí, Èṣùgbàyí Elékò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ tí wọ́n dá ní 1931 sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdájọ́ tí àwọn amòfin ń tọ́ka sí di òní, nítorí ó sọ pé aláṣẹ ìjọba kò lè fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn bí kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú òfin, ilé ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọba náà padà wọ Èkó ní 1931, ó sì wàjà ní 1932. Ta ni ó wá dúró bí òpó lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ti gbé ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti 1920? Herbert Macaulay ni, ọmọ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Baba ìyá kọ orúkọ kan sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹni ibi. Ọmọ-ọmọ ná owó ná ara nítorí ọba tí orúkọ náà wà ní iwájú orúkọ rẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ kan tí mo mọ̀ tí ó fi hàn pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ ìjọ Èkó tìtorí orúkọ ọba wọn wárìrì.

Ayé gbòòrò, irú ọ̀ràn yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní swastika, àgbélébùú tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì sábà máa ń tọ́ kíún mẹ́rin sí àárín àwọn apá náà. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń wa ilẹ̀ fi rí i lára òǹtẹ̀ àwọn ìlú àtijọ́ tí wọ́n wà ní àfonífojì odò Indus, èyí tí ó ti lé ní ẹgbàajì ọdún. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Sanskrit ń tọ́ka sí ire àti àlàáfíà. Èlò pupa tí ó jọ osùn ni wọ́n ń fi yà á, ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n sì ń yà á sí, àti ojú ewé kìíní nínú ìwé ìṣirò oníṣòwò nígbà ọdún Diwali, pẹ̀lú orúkọ Ganesha olórí erin, ẹni tí ó ń ṣí ọ̀nà tí ó dí, tí a sì ń kọ́kọ́ júbà fún kí a tó júbà fún òrìṣà mìíràn. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain ní apá mẹ́rin rẹ̀ dúró fún ipò mẹ́rin tí ẹ̀mí lè gbà wá sí ayé. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà ń lò ó. Ẹnu ọ̀nà, ọjà, àwọ̀ pupa, ẹni tí a ń kọ́kọ́ fún ní tirẹ̀: ẹni tí ó bá mọ yangí kò nílò ògbufọ̀.

Nígbà tí Heinrich Schliemann, ará Jámánì, wa ilẹ̀ ìlú Troy láàárín 1871 sí 1873, tí ó sì rí àmì yìí lára àwọn ohun èlò tí ó hú jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn mọ́ ọn nípa ẹ̀yà kan tí wọ́n ní ó ga ju ẹ̀yà yòókù lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀ràn náà kò tíì burú. Ilé ìpọntí Carlsberg ní Denmark ń tẹ̀ ẹ́ sára ìgò, Rudyard Kipling tí a bí ní Bombay sì ń tẹ̀ ẹ́ sára àwọn ìwé rẹ̀. Ní 1920 ni ẹgbẹ́ Hitler gbé e sórí àsíá wọn, ní 1935 ó di àsíá orílẹ̀-èdè Jámánì, ohun tí wọ́n sì fi àsíá náà ṣe fún àwọn Júù kò ṣe é gbàgbé láéláé. Láti ìgbà náà wá, ẹni tí ó bá rí àmì náà ní Yúróòpù, òkú ọ̀kẹ́ àìmọye ni ó ń rí.

Àwọn ọmọ wa kan rí ojú méjèèjì. Láti 1943 ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà láti ibẹ̀ wọ Bọ́mà, nínú Dífíṣọ̀nù 81 àti Dífíṣọ̀nù 82 tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n fi àmì Hitler dẹ́rù bà nínú ìwé ìròyìn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sí bí ó ṣe lè rìn ní ìgboro Íńdíà tí kò ní rí àmì tí ó jọ ọ́ lára ilẹ̀kùn ẹni tí ń ta aṣọ tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà, tí obìnrin arúgbó kan sì jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Àwọn ará Aṣáńtì tí wọ́n jọ lọ tilẹ̀ lè ti rí i rí nílé, nítorí ó wà lára àwọn ìwọ̀n idẹ tí àwọn baba wọn fi ń wọn góòlù.

Níbi tí àwọn ará Íńdíà àti àwa ti yàtọ̀ síra ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ wò. Àlejò ni ó wá jí àmì tiwọn gbé, ó sì lò ó ní òde. Nínú ilé, kò sí ẹni tí ó dẹ́kun àtiyà á. Bàbá ń yà á, ọmọ ń wò ó, ìyàwó tuntun ń tẹ̀ lé e wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ayé pariwo mọ́ wọn, wọ́n ní ẹnu tí wọ́n fi dáhùn. Ní Jámánì, òfin tí ó ka àmì Hitler léèwọ̀ wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan ní Yúróòpù fẹ́ kí a fòfin de àmì náà káàkiri ní 2007, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù dìde tako ó. Ní 2022 sì ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ya àmì ẹ̀sìn náà sọ́tọ̀ kúrò lára àgbélébùú kọ́rọ́ ti Hitler. Ti yangí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àlejò tí ó jí i gbé. Àwa fúnra wa ni a fà á lé ìwé lọ́wọ́, tí a sì jáde kúrò ní ẹnu ọ̀nà, tí kò fi ku ẹnìkan níbẹ̀ tí yóò sọ fún ẹni tí ń bọ̀ wí pé, báyìí ni à ń pè é.

Àwọn tí ń bọ̀ sì pọ̀. Láàárín 1970 àti 1990 ni Èkó kún àkúnwọ́sílẹ̀ sí ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Gowon Estate dìde, Shagari Estate dìde, Lateef Jákàńdè kọ́ ilé sí Abẹ̀sán nígbà tí ó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983, àwọn tí kò rí ilé ìjọba gbà sì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n kọ́ tiwọn sí ibi tí oko ọ̀pẹ ti wà. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, 1,277,714 ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tó o. Àní, láti 2003 ni ìpínlẹ̀ náà ti pín in sí mẹ́fà kí ó baà lè ṣe é ṣàkóso. Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ìgbò, Ègùn àti Ìdomà kò gbẹ́yìn. Àwọn ìjọ ńláńlá tẹ̀dó, títí tí àwọn àjèjì fi ń wọ bàálù láti òkè òkun nítorí ìjọ kan ṣoṣo ní Ìkọ̀tún, tí hòtẹ́ẹ̀lì fi pọ̀ yí i ká. Onílé di díẹ̀ láàárín àlejò rẹ̀. Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran. Yangí tí ó bá kù lẹ́bàá ọ̀nà, katakata tí ń la títì ni ó ń hú u dà nù, bí ẹnìkan bá sì ta epo sí ojú oríta, tí ó gbé igbá ẹbọ kalẹ̀, ẹni tí ó bá rí i ní àfẹ̀mọ́jú a pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, a sì fò ó kọjá. Awakọ̀ a yà fún un. Àwọn obìnrin tí ń gbálẹ̀ fún LAWMA, àjọ ìkólẹ̀ Èkó, ni wọ́n kàn ń gbá a mọ́ pàǹtírí yòókù, n kò sì gbọ́ pé ó ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú gbé Èṣù kan náà kọjá òkun kí Crowther tó mú kálàmù. Ní Kúbà, Elegguá ni wọ́n ń pè é, nígbà tí wọ́n sì ń fi àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Páàdì bo òrìṣà wọn mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá wọn má baà fura, Jésù ọmọdé tí a ń pè ní Ọmọ Mímọ́ ti Atocha ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bò ó: ọmọ kékeré tí ó gbé ọ̀pá àti apẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò dání. Ẹ wo bí wọ́n ti wò ó! Ìrìnàjò, ọ̀nà, àrékérekè ọmọdé, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bràsíìlì, àwọn ìjọ náà kò ní sùúrù; Exu wọ aṣọ pupa àti dúdú, wọ́n fi ìwo sí i lórí, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ olórí mẹ́ta sí i lọ́wọ́, bí wọ́n ti ń ya Sàtánì ní Yúróòpù gan-an. Sinimá Yorùbá tiwa, láti ìgbà tí fídíò ti dé, apá Bràsíìlì ni ó tẹ̀ sí láìmọ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ní 1962 ni Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tí ó di olórí ìjọ rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè pé Èṣù kì í ṣe Bìlísì inú Májẹ̀mú Titun. Orúkọ Ìdòwú ni ó ń jẹ́, mo sì ti sọ oríkì Ìdòwú. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún wa ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, bí Ọ̀ṣun ti ń ṣe ṣáájú. Àwọn ọmọdé Ẹgbẹ́dá gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun kan wà tí ó ṣe é ṣe, tí kò sì ní ná ẹnikẹ́ni ní owó púpọ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá kan náà, nígbà tí àwọn olùtumọ̀ dé ìwé Jóòbù, níbi tí olùfisùn ti wá síwájú Ọlọ́run láàárín àwọn ọmọ Ọlọ́run, wọn kò pè é ní Èṣù. Sàtánì ni wọ́n fi sílẹ̀, bí wọ́n ti bá a. Nígbà tí wọ́n wá dé aginjù níbi tí a ti dán Jésù wò nínú ìwé Mátíù, Èṣù ni wọ́n lò. Ó hàn gbangba pé wọ́n mọ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì rìn méjèèjì. Bí ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀ bá gba ọ̀nà Jóòbù dé Mátíù, kò sí ẹsẹ ìgbàgbọ́ kan tí yóò wó, ibi yóò ṣì jẹ́ ibi, olè yóò ṣì máa jẹ́ olè, Ọlọ́run yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Mo ti gbé àbá yìí ka iwájú àwọn ará ìjọ tí mo mọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọlọ́run ń gbọ́, bí a bá kó gbogbo àwọn tí yóò fọwọ́ sí i ní Ìkọ̀tún jọ, wọn kò ní kún dáńfó kan.